“Èló Ni Kí N Kọ, Sà?”

Ẹni tí ó bá ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Ilé-Ifẹ̀, tí ó ti kọjá odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjìrè, kò ní pẹ́ rí àwọn tí ń ta dòdò Ìkirè lẹ́bàá títì. Dúdú ni dòdò náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n kọjá ààlà ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn a fi ata àti iyọ̀ sí i, wọn a sì dín in nínú epo pupa títí yóò fi dú. Ohun tí ìlú mìíràn ìbá dà nù ni àwọn ìyá Ìkirè sọ di òwò tí ó sọ ìlú wọn di olókìkí. Obìnrin kan tí ó ti pẹ́ nídìí òwò yìí ni akápò ẹgbẹ́ àṣà kékeré kan nínú ìlú náà. Ìyá Akápò ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí a bá ní kí á sọ òtítọ́, oyè lásán ni.

Ẹgbẹ́ náà kò tóbi. Àwọn àgbà inú rẹ̀ kò pé ogójì, wọ́n sì ń pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lóṣooṣù nínú iyàrá ìkàwé tí wọ́n tọrọ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà ṣe ni kíkọ́ àwọn ọmọ ní oríkì orílẹ̀, ewì, ijó àti ìlù dùndún, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó lè ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí láìṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n tí kò mọ oríkì bàbá rẹ̀. Alága wọn jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìntì, ènìyàn pẹ̀lẹ́, ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ tí kò sì lójú kòkòrò. Pálọ̀ rẹ̀ ni ìlù ẹgbẹ́ ń sùn. Fóònù rẹ̀ ni áláàtì báńkì ń wọlé sí nígbà tí ọmọ ìlú tí ó wà lókè òkun bá fi nǹkan ránṣẹ́. Òun ni í gbé ìlù lọ fún ẹni tí yóò tún awọ àti ọ̀ṣán rẹ̀ ṣe. Òun náà ni í san owó ọkọ̀ àwọn ọmọ bí wọ́n bá pè wọ́n síbi ayẹyẹ ní Àpòmù tàbí ní Gbọ̀ngán. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè rí, kò sì sí ẹni tí ó rò pé ó yẹ kí á bi í.

Ní ọjọ́ kan, akọ̀wé wọn rin ìrìn-àjò. Kí iṣẹ́ má bàa dúró, wọ́n pe ọmọbìnrin kan tí ó wà ní SS2, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń kọ́ ní ewì, pé kí ó wá jókòó kí ó máa ṣe àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ọmọ náà mọ̀wé, ìwé-kíkọ rẹ̀ sì gún régé. Ó fa ìlà sí ojú ìwé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kíláàsì: ọjọ́ ìpàdé, àwọn tí ó wá, ohun tí a sọ, owó tí ó wọlé, owó tí ó jáde, iye tí ó kù. Bàbá Alága dìde, ó kéde pé ọmọ ìlú kan tí ó wà lókè òkun ti fi owó ránṣẹ́ láti fi ra ọ̀wọ́ ìlù tuntun, àti pé òun ti fún agbẹ́lù ní àsansílẹ̀. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan dá orin, wọ́n gbè é. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ọmọ náà gbé bírò sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, èló ni kí n kọ?”

Kò ní ohun búburú lọ́kàn. Àyè tí ó là sílẹ̀ ni ó fẹ́ kún. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Obìnrin kan ní kí ọmọ náà pa ẹnu mọ́, kí ni ọmọdé ń wá nínú owó àgbà? Ọkùnrin kan ní kì í ṣe ẹjọ́ ọmọ, ẹjọ́ òbí tí kò kọ́ ọmọ nílé ni. Bàbá Alága fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó ṣáà kọ ọ́ pé owó ńlá ni. Ọmọ náà wojú rẹ̀, kò kọ nǹkan kan. Àyè òfìfo kò ṣeé fi “owó ńlá” kún. Ẹni tí ó bá ti ṣe ìṣirò rí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni Ìyá Akápò sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, níbi tí ó jókòó sí.

“Bàbá, ẹ má bínú o. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fi mí ṣe akápò, àpò òfìfo ni mo ń gbé kiri. Ohun tí ọmọ yìí béèrè, èmi náà kò mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun Bàbá Alága dọ́kàn. Ó béèrè bóyá olè ni wọ́n ń pe òun. Ó ka iye ìgbà tí ó ti yọ nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, èyí tí kì í tètè dé, láti fi san owó awọ ìlù. Kò sí ẹni tí ó pè é ní olè, kò sì sí ẹni tí ó rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ tí ó ṣòro ni pé kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá Bàbá ni ó jẹ ẹgbẹ́ lówó tàbí ẹgbẹ́ ni ó jẹ Bàbá. Òun náà kò lè sọ. Owó tirẹ̀ àti owó ẹgbẹ́ ti di ẹ̀kọ tí a pò pọ̀ nínú ìkòkò kan. Ìpàdé túká láìgbàdúrà.

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí olè nìkan ni a ṣe ń ṣírò owó. Bí kò bá ti sí olè nínú ilé, ẹni tí ó bá ní kí á mú ìwé owó jáde, ìjà ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àṣà tí ó lókìkí jù lọ ní agbègbè yìí láyé àtijọ́ kò ní olè nínú, síbẹ̀ owó rẹ̀ dójú tì í. Ìtàn náà kò jìnnà sí Ìkirè. Ìbàdàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, Òṣogbo ni ó bímọ sí. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìkirè lè kọjú sí èyí tí ó bá wù ú nínú méjèèjì, kí ó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọdún 1961 ni Ulli Beier, ọmọ Jámánì tí ó ti dé Nàìjíríà ní 1950 láti wá kọ́ni ní Ìbàdàn, kó àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé àti ayàwòrán jọ sí ẹgbẹ́ kan. Wọlé Ṣóyínká wà níbẹ̀, Christopher Okigbo wà níbẹ̀, J. P. Clark àti Chinua Achebe pẹ̀lú, àti Ezekiel Mphahlele, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tí ó sá kúrò lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Mbari ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà, orúkọ Ìgbò fún ilé ọnà tí wọ́n máa ń kọ́ láti bọlá fún Ala, òrìṣà ilẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ olówó. Ibi tí wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n ti ń pàtẹ àwòrán, tí wọ́n sì ti ń jiyàn di òru ni. Síbẹ̀ wọ́n tẹ ìwé. Ewì Okigbo tí a mọ̀ sí Heavensgate jáde lọ́wọ́ wọn ní 1962. Ní ọdún kan náà, wọ́n tẹ A Walk in the Night, ìwé Alex La Guma, tí ìjọba Gúúsù Áfíríkà ń dọdẹ rẹ̀. Àwọn ilé ìtẹ̀wé ńláńlá ìlú Lọ́ńdọ̀nù kò tíì rí ohun tí Mbari rí.

Ní 1962 yìí kan náà ni Dúró Ládípọ̀ yí ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo padà sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ dídùn kan wà nínú orúkọ rẹ̀ tí kò yẹ kí olùkọ́ Yorùbá fò dá nínú kíláàsì. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ Mbari, wọn kò gbọ́ Ìgbò, Yorùbá ni wọ́n gbọ́: “ḿbá rí i, ḿbá yọ̀.” Bí ó ṣe di Mbari Mbayọ̀ nìyẹn. Èdè méjì fi ẹnu ko ara wọn lẹ́nu láìmọ̀, orúkọ òrìṣà ilẹ̀ Ìgbò sì di ayọ̀ ní Òṣogbo. Eré Ọba Mọ́rò ni wọ́n fi ṣí ilé náà. Ọba Kò So tẹ̀ lé e ní 1963, ó sì gbé Ládípọ̀ àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ dé Berlin ní 1964. Nínú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán níbẹ̀ ni Twins Seven Seven, Jímọ̀ Bùràímọ̀ àti Mùráínà Oyèlámì ti jáde, tí òkìkí wọn kàn kárí ayé. Ilé ẹnì kan ni ilé ẹgbẹ́, gẹ́gẹ́ bí pálọ̀ Bàbá Alága ṣe jẹ́ ilé ìlù ní Ìkirè. Bí iṣẹ́ àṣà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹni tí ó ní ìfẹ́ rẹ̀ ni í fi ilé sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó tí a fi ń tẹ ìwé ní Ìbàdàn ńkọ́? Ìwé ewì kì í pa owó tí a fi tẹ̀ ẹ́. Owó náà ń wá láti ọ̀dọ̀ àjọ kan tí ń jẹ́ Congress for Cultural Freedom, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Berlin ní 1950 tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Paris. Mphahlele fúnra rẹ̀ lọ sí Paris ní 1961 láti máa darí iṣẹ́ àjọ náà fún ilẹ̀ Áfíríkà. Àjọ yìí ni ó gbówó sílẹ̀ fún àpérò àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà ní Makerere ní oṣù kẹfà ọdún 1962. Ó ran ìwé ìròyìn Transition lọ́wọ́ ní Kampala, ó sì ń gbọ́ bùkátà Encounter ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ibi tí Paris ti ń rí owó, wọn a dárúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ àánú Amẹ́ríkà, pàápàá Farfield Foundation, tí Julius Fleischmann jẹ́ olórí rẹ̀. Ọlọ́rọ̀ ni Fleischmann. Ìdílé rẹ̀ ni a fi ń mọ ìwúkàrà tí àwọn aṣebúrẹ́dì ń lò. Ta ni yóò fura sí ọlọ́rọ̀ tí ó fẹ́ràn ewì?

Ní oṣù kẹrin ọdún 1966, ìwé ìròyìn New York Times kọ ọ́ pé CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lẹ́yìn àjọ Paris náà. Àwọn kan sẹ́. Nígbà tí ó di 1967, kò ṣeé sẹ́ mọ́. Thomas Braden, tí ó ti ṣiṣẹ́ fún CIA, kọ ọ́ síta ní oṣù karùn-ún pé òótọ́ ni, kò tilẹ̀ tọrọ àforíjì. Michael Josselson, tí ó ń darí àjọ náà láti ọjọ́ pípẹ́, kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ọmọ CIA ni òun náà. Wọ́n pa orúkọ àjọ náà dà, wọ́n sì wá olówó mìíràn. Farfield kì í ṣe àpò Fleischmann rárá. Ihò tí owó ń gbà kọjá ni.

Ibi tí ó yẹ kí á dúró sí díẹ̀ nìyí, nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń yára dá ẹjọ́ náà. Kò sí ẹni tí ó jí kọ́bọ̀ ní Mbari. Iṣẹ́ tí wọ́n fi owó náà ṣe hàn sí gbogbo ayé. Kò sì jọ pé Amẹ́ríkà ń sọ ohun tí wọn yóò kọ fún wọn. Kọ́múníìsì ni La Guma, irú ẹni tí CIA ń ná owó gọbọi láti bá jà, owó yẹn kan náà ni ó sì wà lẹ́yìn ilé tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pani lẹ́rìn-ín. Bí a bá fi ọwọ́ lé òṣùwọ̀n tí àwọn ènìyàn Ìkirè fi wọn Bàbá Alága wọn, tí a béèrè pé “ṣé ó jalè? ṣé iṣẹ́ ń lọ?”, Mbari yege.

Síbẹ̀ ohun kan ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní òmìnira, tí wọ́n ń kọ̀wé tako ìjẹgàba òyìnbó, jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rí i pé ìjọba òyìnbó kan ni ó ń san owó ilé. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Ṣóyínká. Ó ṣì ń mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 2006, ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà. Bóyá wọn ìbá gba owó náà bí wọ́n bá mọ̀, bóyá wọn ìbá kọ̀ ọ́. Ẹnì kan kò fún wọn láyè láti yàn. Ẹni tí kò mọ ẹni tí ń bọ́ òun kò lè sọ pé òun kò jẹ. Ohun tí ìwé owó tí ó ṣí sílẹ̀ ń dáàbò bò nìyí, kí ó tó kan ọ̀rọ̀ olè rárá: ẹ̀tọ́ tí ẹgbẹ́ ní láti wo owó lójú kí ó sọ pé, “A kò fẹ́.”

Kò yẹ kí ìtàn Mbari mú wa rò pé ìṣirò jẹ́ àṣà àjèjì tí àwọn òyìnbó gbé wá. Ilẹ̀ wa mọ̀ ọ́n. Nínú èésú, olúkúlùkù mọ iye ọwọ́ tí òun ń dá àti oṣù tí yóò kan òun láti kó o. Alájọ tí ń yí ọjà ká ń fi àmì sí káàdì lójú ẹni tí ó dá owó, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni èrè rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti Àpòmù, tí ó bá Ìkirè pààlà, ìtàn tirẹ̀ le ju ti alájọ lọ. Láyé àtijọ́, ọjà Àpòmù ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Òwu ti ń pàdé, Samuel Johnson sì kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tirẹ̀, tí ó jáde ní 1921, pé aáwọ̀ lórí títa atare nínú ọjà náà wà lára ohun tí ó dá ogun Òwu sílẹ̀. Òwu tú. Ogun náà kò sì dá Ìkirè pàápàá sí. Atare lásán o.

Kí ni ó wá dé tí obìnrin tí kò ní jẹ́ kí alájọ mú ọgọ́rùn-ún náírà òun lọ láìfi àmì sí káàdì fi ń jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí owó ńlá bá wọ inú ẹgbẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Owó èésú, òógùn ojú mi ni. Owó ẹ̀bùn dà bí òjò. Ta ni í bi òjò léèrè? Owó tí a kò làágùn fún kì í ní olówó lójú wa, ohun tí kò bá sì ní olówó, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ bọ́ sí ni ó ń di tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe nípa olè jíjà, bí kò ṣe nípa pé òun nìkan ni ó rántí rẹ̀. Bí ẹni náà bá kú, tàbí tí ó ṣàìsàn, ìlù yóò di ogún. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní mọ èyí tí í ṣe ti bàbá wọn àti èyí tí í ṣe ti ìlú.

Òfin ilẹ̀ wa ti gbìyànjú láti wá nǹkan ṣe sí i. Òfin ilé-iṣẹ́ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ní apá kan fún àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè. Ẹgbẹ́ tí ó bá forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àwọn olùtọ́jú ohun-ìní. Iṣẹ́ tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún nìkan ni a lè fi owó rẹ̀ ṣe, a kò gbọdọ̀ pín in fún ọmọ ẹgbẹ́ bí èrè. Ó sì gbọ́dọ̀ máa fi ìròyìn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ tí ó fún un ní ìwé-ẹ̀rí lọ́dọọdún. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀sìn pariwo gan-an ní ọdún náà nítorí pé òfin yìí fún àjọ náà lágbára láti dá àwọn olùtọ́jú dúró bí ìwà àìtọ́ bá wà. Ariwo náà ní ìdí. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ìjọba máa wọlé máa jáde nínú ilé òun. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kékeré ogójì ènìyàn tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ níbìkan, ta ni yóò dá olùtọ́jú rẹ̀ dúró? Òfin jìnnà sí i. Ọmọ SS2 ni ó sún mọ́ ọn.

Ìpàdé kejì ní Ìkirè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bàbá Alága tí ó gbé ìwé pelebe mẹ́ta àti àpò náílọ́ọ̀nù kan wá. Rísíìtì wà nínú àpò náà, àwọn mìíràn ti ṣá, àwọn mìíràn jẹ́ bébà tí ẹni tí ó tún ìlù ṣe fi ọwọ́ kọ. Ó ní òun kò sùn dáadáa láti oṣù tí ó kọjá. Wọ́n jókòó tì í, òun, Ìyá Akápò àti ọmọbìnrin náà, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ fún wákàtí méjì nígbà tí àwọn yòókù ń kọ́ àwọn ọmọ ní ijó lóde. Ó hàn pé ẹgbẹ́ ni ó jẹ Bàbá. Bàbá ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ìyá Akápò kọ̀.

“A kò ní pa á rẹ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí ó kọ ọ́ pé ẹ fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Kí àwọn ọmọ yín rí i.”

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kan owó ìlù. Wọ́n pe ọmọ ìlú tí ó wà lókè òkun, wọ́n sì gbé fóònù sí orí tábìlì kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní orúkọ tí wọn yóò kọ sí iwájú owó ni àwọn fẹ́ mọ̀. Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ìdajì ni tòun. Ìdajì kejì wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ òun kan nílé tí ó fẹ́ díje fún ipò, kò sì fẹ́ kí á dárúkọ òun báyìí. Kò béèrè ohun púpọ̀, ó kàn ń retí pé bí àsìkò bá tó, àwọn ọmọ yóò wá fi ìlù náà kí òun káàbọ̀.

Wọ́n jiyàn lórí rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan ní owó kò ní àmì lára, ìlù kò sì mọ ẹni tí ó ra òun. Ọkùnrin kan béèrè pé àwọn olóṣèlú wo ni kì í náwó, bí wọn kò bá gba ti eléyìí, ẹgbẹ́ mìíràn yóò gbà á. Òótọ́ ni ó sọ. Àwọn mìíràn ní ọmọ àwọn kò ní jó nídìí òṣèlú láìjẹ́ pé a sọ fún àwọn. Bàbá Alága ni ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ẹni tí ó ti gba owó náà tí ó sì ti fi fún agbẹ́lù. Ó ní bí òun bá ti mọ̀, òun kò bá ti gbà á, nítorí náà kí wọ́n dá ìdajì yẹn padà. Agbẹ́lù ti gé igi. Kò sí bí yóò ṣe dá àsansílẹ̀ padà, wọn kò sì ní iye tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀.

Ìlù náà ṣì wà ní ilé agbẹ́lù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn ọmọ fi àwọn ògbólógbòó ìlù ṣe àjọ̀dún wọn, èyí tí ọ̀kan nínú wọn kò dún dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣí àkáǹtì ní báńkì lórúkọ ẹgbẹ́, ènìyàn mẹ́ta ni yóò sì máa bu ọwọ́ lùwé kí owó tó lè jáde. Ìyá Akápò wà nínú wọn. Lára ògiri iyàrá ìkàwé náà, wọ́n lẹ bébà kan tí ọmọbìnrin náà fa ìlà sí. Orúkọ àti iye ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n san án. Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ ti Ìyá Akápò: ẹgbẹ̀rún méjì náírà, owó dòdò.